Màmá Ásíìdì àti Ìgò Méjìlá Tó Ń Dán

Kò sí bí mo ṣe lè kọ ìtàn Màmá Ásíìdì kí ojú má tì mí, nítorí náà mo ní kí ojú máa tì mí, kí ọwọ́ sì máa kọ ọ́ lọ. Àwọn tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ wà. Àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta wà láyé. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n láti ìdí wá, torí èmi ni mo ṣe é.

Iṣẹ́ ìgò fífọ̀ ni Màmá Ásíìdì ṣe títí ó fi darúgbó. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n gbáko ló fi fọ ìgò fún àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní láàbù kan ṣoṣo, níwájú fèrèsé kan ṣoṣo. Tí ẹ bá gbọ́ ìgò fífọ̀, ẹ má yínmú o. Èmi náà yínmú nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo ní ṣé ìgò náà ni wọ́n ń gba èèyàn méjì fún. Ohun tó kó bá mi nìyẹn.

Yàrá ìfọgò kò fẹ̀. Ọpọ́n ike méjì tó jìn wà níbẹ̀, pẹ̀lú garawa ńlá onídèérí tí ásíìdì wà nínú rẹ̀, àti ẹ̀rọ kan lára ògiri tó ń kán omi tó, tó, tó, bí ẹni tí kò fẹ́ fún èèyàn ní nǹkan. Ẹ̀rọ yẹn ti yọ gbogbo nǹkan tó wà nínú omi kúrò, iyọ̀ ni o, irin ni o, kò ku nǹkankan àfi omi lásán. Omi òfìfo là ń pè é. Kò sí irin kankan nínú yàrá náà. Ṣíbí ike, ẹ̀mú ike, àtẹ ike. Màmá Ásíìdì fúnra rẹ̀ kì í wọ yẹtí, kì í fi píìnì sírun. Ọjọ́ tó gba iṣẹ́ ló bọ́ òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ sílé. Ọkọ rẹ̀ bínú, ó ní, "Ṣé ìgò lo wá ń fẹ́ báyìí?" Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ìyẹn kì í hanrun."

Òun ló sọ ọ́ fún mi, ó sì rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọkọ náà ti kú nígbà yẹn.

Bó ṣe gba iṣẹ́ náà, ó yẹ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ. Ilé ìfọṣọ ló wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní láàbù ń wá ẹni tó máa fọ ìgò, obìnrin mẹ́fà ló tò síwájú ọ̀gá àkọ́kọ́, èyí tó ti fẹ̀yìn tì. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ọ̀gá bi wọ́n: "Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ìgò ti mọ́?" Àwọn márùn-ún ní tó bá ti dán. Màmá ní, "Tí mo bá ti kà á pé iye tẹ́ ẹ ní kí n kà." Wọ́n ní kí àwọn márùn-ún máa lọ sílé.

Kíkà yẹn ni iṣẹ́ náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́ṣẹ pẹ̀lú omi ẹ̀rọ lásán tí gbogbo ìlú ń lò, lẹ́yìn náà inú ásíìdì di ọjọ́ kejì, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀mẹfà pẹ̀lú omi òfìfo. Sókè ló máa ń kà á. Tẹ́ ẹ bá kí i nígbà tó wà lórí ẹ̀karùn-ún, kò ní dá yín lóhùn. Á wò yín bí ẹni tẹ́ ẹ da ẹrù rẹ̀ nù, á yí ìgò náà dà, á padà sórí ẹ̀kíní. Gbogbo láàbù mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá pàápàá máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ọmọ iléèwé, kó tó kí i pé ẹ káàárọ̀. Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ti lu bí asẹ́ níbi tí ásíìdì ti ń ta sí i, wọ́n sì fún un ní tuntun títí, kò wọ̀ ọ́. Ó ní tuntun kò mọ òun.

Èmi ní tèmi, ìwé mẹ́fà ni mo kà, òtẹ́ẹ̀lì ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́ kí n tó débẹ̀. Ní òtẹ́ẹ̀lì, dídán ni gbogbo nǹkan. Dígí gbọ́dọ̀ dán, ẹnu ẹ̀rọ omi gbọ́dọ̀ dán. Ọwọ́ mi ò lè rí nǹkan tó ṣú kó má yún mi. Màmá wá sọ mí ní Alótẹ́ẹ̀lì.

"Màmá, ìgò yìí ò mọ́ o. Ẹ wo ojú rẹ̀ bó ṣe rí pàtìpàtì."

"Ó mọ́."

"Ẹ gbé e sójú oòrùn ná."

"Alótẹ́ẹ̀lì, o fẹ́ fi ṣe dígí ni? Mo ti kà á pé. Gbé e sórí àtẹ."

Báyìí la ṣe ṣe fún ọdún méjì. Ó kọ́ mi ní gbogbo ẹ̀. Kò fi nǹkankan pa mọ́ fún mi.

Nínú àwọn tó ń lo ìgò wa, ọmọbìnrin kan wà tá a ń pè ní Dókítà Kékeré. Kò tíì di dókítà, ó ku oṣù mélòó kan, àwa la ti sáré fi í joyè. Ara ẹ̀ yá mọ́ọ̀yàn. Lọ́jọ́ kan mo bi í pé kí ló dé tí omi gbọ́dọ̀ ṣófo tó báyìí, ṣé kò tó kó mọ́ ni. Ó fa àga fún mi.

"Àǹtí, kòkòrò tójú ò lè rí ni mò ń wò, bakitéríà. Ó nílò irin bí ẹ̀jẹ̀ tiwa náà ṣe nílò irin. Ṣùgbọ́n tí irin bá pọ̀ jù, á pa á. Ó wá ní purotéènì kan nínú ara tó dà bíi máníjà. Tí irin bá ti tó, irin á wọ inú máníjà yìí, máníjà á lọ jókòó lórí DNA kòkòrò náà, níbi tí àṣẹ irin kíkó wà, á ní, 'Ó tó, ẹ má kó wọlé mọ́.'"

"Tí irin ò bá sí ńkọ́?"

"Kò ní lè jókòó. Ọwọ́ rẹ̀ ò ní mú DNA rárá. Ohun tí mo fẹ́ fi han ayé nìyẹn."

"Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ẹnìkan jókòó síbi tójú ò tó?"

Ó mú mi lọ wo nǹkan pẹlẹbẹ kan tó mọ́ gaara, tó ń mì tìtì. Jẹ́lì ni wọ́n ń pè é. Ó ní òun máa ń kán DNA pọ̀ mọ́ máníjà náà, àwọn kan pẹ̀lú irin, àwọn kan láìsí irin, sínú àwọn ihò kéékèèké lápá òkè rẹ̀, òun á fi iná mànàmáná sí i, DNA á máa sáré lọ sápá ìsàlẹ̀. Èyí tí ẹnikẹ́ni ò jókòó lé á sáré jìnnà. Èyí tí máníjà jókòó lé á wúwo, á gbẹ́yìn. Tí wọ́n bá wá tan iná aláwọ̀ búlúù sí i, ibi tí kálukú dé á yọ bí ìlà.

Mo ní, "Àṣé bí ẹni tó pọnmọ tó ń bá ẹni tí ò pọnmọ sáré."

"Àǹtí! Màá kọ ọ́ sínú ìwé mi!" Ó rẹ́rìn-ín, ó gbá mi léjìká. "Ẹ ti wá rí i, ihò tí mo bá ní irin ò sí nínú ẹ̀, irin ò gbọdọ̀ sí níbẹ̀ lóòótọ́. Bó ṣe bíńtín tó, ó máa ba iṣẹ́ mi jẹ́. Ọwọ́ ẹ̀yin àti Màmá ni iṣẹ́ mi wà."

Mo gbọ́ o. Etí mi méjèèjì ni mo fi gbọ́ ọ. Mi ò lè ní mi ò mọ̀.

Ọjọ́ tọ́ràn náà ṣẹlẹ̀, Màmá lọ rí dókítà olójú, torí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Ọ̀gá sì ní àlejò ń bọ̀, àwọn èèyàn pàtàkì tó fẹ́ wo láàbù. Ìgò méjìlá wà lórí àtẹ tí Màmá ti kà pé kó tó lọ, ó sì ti fọwọ́ sí i nínú ìwé tá a fi ń kọ iṣẹ́ wa. Kò ku nǹkan tí mo máa ṣe ju pé kí n kó wọn sínú kọ́bọ́ọ̀dù lọ.

Mo wò wọ́n. Ojú wọn funfun pàtìpàtì, yíǹkì gàdàgbà tí wọ́n fi kọ nǹkan sára àwọn kan ṣì ń hàn. Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Kànrìnkàn onírin tuntun kan wà nínú báàgì mi tí mo rà fún ìkòkò ilé. Ẹ gbọ́, mo wo ẹnu ọ̀nà kí n tó mú un jáde. Èmi fúnra mi mọ̀ pé ohun tí mo fẹ́ ṣe kò dáa, ohun tó ń dùn mí jù títí dòní nìyẹn. Mo fi ha ìgò méjèèjìlá, inú àti ẹ̀yìn. Omi òfìfo ń kán tó, tó, tó, kò yá, ni mo bá fi omi ẹ̀rọ ṣàn wọ́n, mo fi aṣọ nù wọ́n. Wọ́n dán! Ojú mi hàn nínú wọn.

Ọ̀gá kó àwọn àlejò wọlé, ó mú ọ̀kan, ó gbé e sójú fèrèsé.

"Ẹ wo ìgò! Ta ló fọ eléyìí?"

"Èmi ni mo ṣe é bẹ́ẹ̀, sà."

"Láti òní lọ, Ìyá Dídán lorúkọ yín."

Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Inú mi dùn débi pé mi ò rántí jẹun ọ̀sán.

Bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá, Dókítà Kékeré ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ihò tí kò fi irin sí, ìlà rẹ̀ kò sáré. Ó gbẹ́yìn, ó dúró lókè bí ẹni tó pọnmọ. Ó tún un ṣe nígbà mẹ́ta, bákan náà ni. Ó wá kán oògùn kan sí i tó máa ń gbá irin mọ́ra, tí kì í jẹ́ kó bá ẹlòmíràn ṣe pọ̀. Kíá, ìlà náà sáré lọ sísàlẹ̀. Ìyẹn ni pé irin ti wà nínú omi rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n yẹ ẹ̀rọ omi òfìfo wò, ó mọ́. Ó ku ìgò. Ó wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìfọgò.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ sáwọn ìgò yìí?"

"Rárá o, Dókítà. Kí ló fẹ́ ṣẹlẹ̀ sí wọn?"

Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ìkejì wáyé ní ìpàdé àárọ̀ Mọ́ńdè, níwájú gbogbo wa. Ọ̀gá ṣí ìwé wa. Ìfọwọ́sí Màmá ló wà níbẹ̀. Ó kọjú sí mi.

"Ìyá Dídán, ṣé ẹ fọwọ́ kan ìgò wọ̀nyí lẹ́yìn tí Màmá fọ̀ wọ́n?"

"Mo kàn fi aṣọ nu ẹ̀yìn wọn ni, sà."

Màmá wò mí. Mo wo bàtà mi.

Ọ̀gá rọra sọ ọ́, mi ò lè ní kò rọra sọ ọ́. Ó ní gbogbo wa la mọ̀ pé ojú Màmá ò ṣe dáadáa mọ́, pé kò sí ẹ̀bi níbẹ̀, pé kó lọ máa nu ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún oṣù márùn-ún tó kù kó tó fẹ̀yìn tì. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tí ẹnikẹ́ni ò rí àléébù sí iṣẹ́ rẹ̀, a fẹ́ fi mọ́ọ̀pù parí ẹ̀. Màmá ò bẹ̀bẹ̀. Gbólóhùn kan ló sọ:

"Mo kà á pé."

Ọ̀gá pa ìwé náà dé.

Wọ́n fi mí ṣe olórí yàrá ìfọgò. Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tó lu bí asẹ́ ṣì wà lórí ìkọ́, kò sẹ́ni tó mú un. Dípò ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo máa ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn kí n má baà bá a pàdé. Àwọn èèyàn á máa ké sí mi, "Ìyá Dídán! Ìyá Dídán!" Á dà bíi pé wọ́n ń gbá mi létí.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ọkọ mi gbé ṣíbí sílẹ̀ nídìí oúnjẹ. Káfíńtà ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

"Ìyá yìí, ta ló gbé ẹnu rẹ lọ? Ìwọ tó máa ń bá rédíò jiyàn. Ọ̀sẹ̀ kan ti kọjá, rédíò nìkan ló ń dá sọ̀rọ̀."

Mo jẹ́wọ́ fún un. Mo rò pé á pariwo, kò pariwo.

"Ṣé obìnrin yẹn náà ló kọ́ ẹ níṣẹ́?"

"Òun ni."

Ó gbé àwo rẹ̀, ó dìde. Mo nawọ́ pé kó mú un wá kí n fọ̀ ọ́.

"Má ṣèyọnu," ló wí, "màá fọ̀ ọ́ fúnra mi."

Ọdún mọ́kàndínlógún tá a ti fẹ́ra, kò fọ àwo rí. Mo gbọ́ ìró omi nínú kíṣíìnì, ó ń rọra fọ̀ ọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo lọ bá Màmá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ń fún mọ́ọ̀pù.

"Ẹ kú iṣẹ́, Mà."

"Alótẹ́ẹ̀lì."

"Mà, ìgò yẹn... kànrìnkàn onírin ni mo..."

Ó gbé mọ́ọ̀pù ti ògiri, ó kó ọwọ́ sápò, ó mú bébà kékeré kan tó ká jáde. Ó tú u. Fọ́nrán irin kan tó lọ́ bí irun ló wà níbẹ̀, ó ti dípẹtà.

"Inú ihò ọpọ́n ni mo ti rí i, ní ọjọ́ kejì tí mo lọ rí dókítà olójú. Ojú mi ò rí i, ó gún mi níka ni. Mo rò pé àwọn tó ń tún páìpù ṣe ló já a sílẹ̀, mo ní màá bá wọn wí. Ọjọ́ ìpàdé ni mo tó rò ó pọ̀."

"Ó wà lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ ìpàdé! Kí ló dé tẹ́ ẹ ò mú un jáde?"

"Ọwọ́ mi ti wà nínú àpò. Ọ̀gá bi ẹ́ léèrè, mo ní, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ fúnra rẹ̀, ó máa yẹ ẹ́. Lo bá ní aṣọ lo fi nù ún." Ó wo fọ́nrán náà. "Ojú tì mí fún ẹ. Mi ò mọ ohun tí mo tún lè sọ."

Ó ká bébà náà padà, ó nà án sí mi.

"Gbà. Ìwọ ló ni ín."

Mo ní kí n lọ bá Ọ̀gá ní ọ́fíìsì. Màmá ní, "Níbo ni wọ́n ti sọ tèmi?" Mo dúró de ìpàdé Mọ́ńdè.

Mo dìde níwájú gbogbo wọn. Mo tú bébà náà sórí tábìlì, mo sọ gbogbo ẹ̀, báàgì mi, ẹnu ọ̀nà tí mo wò, omi ẹ̀rọ, àti aṣọ tí mo fi parọ́. Ọ̀gá bọ́ awò ojú rẹ̀. Dókítà Kékeré ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Mo bi yín, Àǹtí. Mo ní ẹ jọ̀ọ́."

Ó jáde. Kò tún fa àga fún mi mọ́ látọjọ́ náà. Ó ń kí mi, ẹ káàárọ̀, ẹ káàsán, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀gá lọ bá Màmá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo wa sì tẹ̀ lé e. Ó di ọ̀pá mọ́ọ̀pù mú.

"Màmá, ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi."

"Mi ò bínú. Ẹ fi mọ́ọ̀pù sílẹ̀, ẹ ò mọ̀ ọ́n lò."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Màmá padà sí yàrá ìfọgò, ó mú mẹ́fà nínú ìgò méjìlá náà, ó tún wọn fọ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ó kà wọ́n pé. Dókítà Kékeré po omi tuntun sínú wọn, ó tún jẹ́lì rẹ̀ ṣe. Ihò tí irin ò sí, ìlà rẹ̀ sáré dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Ihò tí irin wà, ìlà gbẹ́yìn bó ṣe yẹ. Ó tẹ àwòrán náà jáde, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá ìfọgò, lókè ọpọ́n, kò kọ nǹkankan sí i. Ó ṣì wà níbẹ̀. Mò ń wò ó bí mo ṣe ń kọ èyí lọ́wọ́ ní àkókò ìsinmi mi.

Wọn ò lé mi. Èmi ni mo ní kí wọ́n fún mi ní mọ́ọ̀pù, mo sì nu ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn fún oṣù mẹ́rin tó kù fún Màmá. Á máa kọjá lára mi láàárọ̀, á ní, "Alótẹ́ẹ̀lì, igun yẹn ṣú." Ọ̀sẹ̀ tó fẹ́ fẹ̀yìn tì ló ránṣẹ́ pè mí sí yàrá ìfọgò. Ó ní kí n bọ́ yẹtí mi. Ó yọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìkọ́, ó wọ̀ ọ́, ó jókòó sórí àpótí, ó nawọ́ sí ìgò kan tó ti lo òru nínú ásíìdì, ó dijú.

"Fọ̀ ọ́. Kà á sókè, kí n gbọ́."

Mo kà. Ẹ̀kíní. Ẹ̀kejì. Ẹ̀kẹta. Omi òfìfo ń kán tó, tó, tó, mo dúró dè é. Ẹ̀kẹrin. Ẹ̀karùn-ún. Ọ̀gbẹ́ni tuntun kan tó ń kó àpótí kọjá yọjú láti ẹnu ọ̀nà, kò mọ nǹkankan, orúkọ tó gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn ló pè.

"Ìyá Dídán, ẹ káàárọ̀ o!"

Ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Mi ò dá a lóhùn. Màmá ò la ojú. Mo yí ìgò náà dà, omi inú rẹ̀ ṣàn lọ, mo gbé e padà sábẹ́ ẹ̀rọ.

"Ẹ̀kíní," ni mo wí.